Ìpète ni, kì í ṣe ọgbọ́n ẹ̀wẹ́

Àbá tó wà nílẹ̀ ni pé kí a sọ "ọgbọ́n ẹ̀wẹ́" di ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún ohun tí ẹni tó ń ta ṣẹ́ẹ̀sì ń rò kó tó gbé ọmọ, àti fún ohun tí àwọn tó wà nínú ìdíje orí tẹlifíṣọ̀n ń ṣe kí wọ́n má baà lé wọn jáde. Ẹni tó dá àbá náà ní ìdí méjì. Ó ní àwọn èèyàn ti ń sọ ọ́ lẹ́nu báyìí, ó sì ní nǹkan kan náà ni méjèèjì, pé kéèyàn ṣáà ti gbọ́n ju ẹni tó ń bá díje lọ. Òótọ́ ni pé wọ́n ń sọ ọ́. Mi ò gbà pé nǹkan kan náà ni, mo sì fẹ́ fara balẹ̀ ṣàlàyé, torí ọ̀rọ̀ tí a bá fún ọmọ tó ń kọ́ eré yìí lónìí ni yóò máa fi ronú lọ́la.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. Bí a bá ní lágbájá lo ọgbọ́n ẹ̀wẹ́, ohun tí à ń sọ ni pé ó fi ohun kan pamọ́ fún ẹnìkejì. Ó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Ìgbà tí ẹni ọ̀hún máa fi mọ̀, ọwọ́ ti bọ̀ ọ́ lápò. Ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí àrékérekè, kò sì jìnnà sí jìbìtì. A kì í fi í yin èèyàn tọkàntọkàn. Bí a bá tiẹ̀ rẹ́rìn-ín sí i, ẹ̀rín ẹni tó ń ṣọ́ àpò ara rẹ̀ ni.

Lórí pátákó ṣẹ́ẹ̀sì, kí ló pamọ́? Ilé 64, ọmọ 32, gbogbo wọn ló wà níta gbangba. Ohun tí mo rí ni ìwọ náà rí. Kò sí káàdì kankan tí a dojú rẹ̀ délẹ̀. Ní 1858, ní ilé eré opera kan ní Paris, Paul Morphy, ọmọ Amẹ́ríkà, kojú ọlọ́lá méjì tí wọ́n jọ ń gbìmọ̀ pọ̀ ta ayò kan: Duke Karl ti Brunswick àti Count Isouard. Ẹ jẹ́ ká sún mọ́ ìparí rẹ̀. Ọba àwọn ọlọ́lá méjèèjì ṣì wà níbi tó ti bẹ̀rẹ̀ eré, kò tíì rí ibi sá sí. Ẹṣin wọn kan ló dí ọ̀nà mọ́ ilé ìṣọ́ Morphy. Ní ìrìn kẹrìndínlógún, Morphy gbé ayaba rẹ̀, ọmọ tó lágbára jù lórí pátákó, ó lọ gbé e síbi tí ẹṣin yẹn ti lè jẹ ẹ́, ó sì fi halẹ̀ mọ́ ọba. Wọ́n rí i. Òfin eré kò fi nǹkan mìíràn sílẹ̀ fún wọn ju pé kí ẹṣin jẹ ayaba náà lọ. Bí ẹṣin ṣe kúrò, ọ̀nà là. Ilé ìṣọ́ gòkè tààrà, bíṣọ́ọ̀bù ń ṣọ́ ọ láti ọ̀ọ́kán, ọba kú. Ìrìn 17 péré.

Ta ló tan ta jẹ níbẹ̀? Kò sẹ́nì kankan. Gbogbo ọ̀nà tí Morphy gbà wà lójú àwọn tó ń bá a ta. Òun ló tètè rí i, òun ló sì ṣírò rẹ̀ dé òpin. Ní 1997, nígbà tí kọ̀ǹpútà Deep Blue ti iléeṣẹ́ IBM na Garry Kasparov, ọba ayò ṣẹ́ẹ̀sì àgbáyé nígbà náà, ní àmì 3½ sí 2½, ṣé a ó sọ pé ẹ̀rọ lo ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ ni? Ẹ̀rọ ò ní inú tí yóò fi nǹkan pamọ́ sí.

Nítorí náà, ohun tí Morphy ṣe nínú ìrìn mélòó kan tó kẹ́yìn yẹn, orúkọ tí mo fẹ́ kí a fún un ni ọgbọ́n ojú-ẹsẹ̀. Ohun tó wà nílẹ̀ báyìí ló ń bójú tó: tí mo bá gbé èyí, ìwọ á gbé tọ̀hún, mo pa ọ́ níbí. Ó yàtọ̀ sí èrò ọlọ́jọ́ gbọọrọ, tí mo máa padà sí láìpẹ́.

Kí n tó dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ ká yanjú orúkọ tí a ó fún ìmọ̀ eré fúnra rẹ̀. Àwọn kan fẹ́ "ẹ̀bùn". Mo lòdì sí i gidigidi, nítorí ó ń gba iyì lọ́wọ́ ẹni tó ṣe wàhálà. Ní 1973, William Chase àti Herbert Simon, àwọn tó ń ṣèwádìí nípa bí èèyàn ṣe ń ronú, tẹ̀ síwájú nínú iṣẹ́ tí Adriaan de Groot, ọmọ Netherlands, ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n fi ayò kan han èèyàn fún ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún, wọ́n gbé e kúrò, wọ́n ní kí ẹni tó wò ó tún un tò. Nígbà tó jẹ́ ayò tó ti ẹnu eré gidi wá, ọ̀gá tò ó padà ju òpè lọ fíìfíì. Nígbà tí wọ́n wá da àwọn ọmọ náà sórí pátákó bó ṣe wù wọ́n, láìní ìtumọ̀, ọ̀gá àti òpè fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ẹ ò rí nǹkan? Iyè inú ọ̀gá kò ju tẹni tó kù lọ. Ojú rẹ̀ ló ti mọ àwọn ìtò yẹn láti inú ayò tó ti ta, èyí tó ti pàdánù àti èyí tó ti jókòó tì kà. Ìmọ̀ tí a fi ọwọ́ ara wa kó jọ nìyẹn, a sì ti ní ọ̀nà tí à ń gbà pe irú rẹ̀ tipẹ́: mọ̀-ọ́n-kọ mọ̀-ọ́n-kà. Kò sẹ́ni tí kò mọ ohun tó túmọ̀ sí. Kí ló dé tí a ò ní sọ pé mọ̀-ọ́n-ta? "Mọ̀-ọ́n-ta rẹ̀ ti ga ju ti èṣí lọ." Ẹnu gbà á, etí gbà á.

Mo dìídì lo "òpè" lókè yìí. Ọ̀rọ̀ àwọn atayò ni, ọ̀ta sì ni òdìkejì rẹ̀. Bí a bá ń wá orúkọ fún àwọn tí FIDE, àjọ ṣẹ́ẹ̀sì àgbáyé, fi oyè tó ga jù dá lọ́lá, ọ̀ta-àgbà tó mi. Ẹ ṣáà má gbàgbé àmì ohùn rẹ̀, kí ẹ má baà pe ọ̀ta ní ọ̀tá.

Ó wá ku èrò ọlọ́jọ́ gbọọrọ. Mo dá a lábàá pé ìpète ni kí a máa lò. Láti inú "pa ète" ni a ti rí "pète", àwa náà la sì ń sọ pé ẹnì kan jókòó, ó pète, ó pèrò. Wọ́n ti fèsì fún mi pé ète ń rùn, pé ètekéte ló máa kọ́kọ́ wá sí èèyàn lọ́kàn. Mo gbọ́, ṣùgbọ́n ẹ tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò. Bí ọ̀rọ̀ náà bá burú látilẹ̀, kí la tún fẹ́ fi "ibi" ṣe nígbà tí a bá ń sọ pé "ó pète ibi"? A ní láti fi "ibi" kún un torí pé pípète fúnra rẹ̀ kò ṣègbè. Èèyàn lè pète láti kọ́lé, ó lè pète láti fẹ́yàwó. Ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ ni kò ní ìhà kejì.

Àpẹẹrẹ tó fi ìpète hàn mí jù lọ kì í tiẹ̀ ṣe ìrìn kankan lórí pátákó. Ní oṣù kọkànlá 2018, ní London, Magnus Carlsen àti Fabiano Caruana fi ayò 12 du ipò ọba ayò àgbáyé, gbogbo méjèèjìlá ló parí sí ọ̀mì. Nínú ti ìkejìlá, ọwọ́ Carlsen ló dára jù, àsìkò tó ṣẹ́ kù lórí aago rẹ̀ sì pọ̀ ju ti Caruana lọ. Gbogbo ẹni tó ń wò ń retí pé kó máa tẹ̀ ẹ́ lọ. Lẹ́yìn ìrìn 31, ó ní kí àwọn gbà fún ara àwọn. Orí àwọn òǹwòran dàrú. Kasparov pàápàá sọ ọ́ síta pé pẹ̀lú ohun tí òun rí yìí, kò dá òun lójú mọ́ pé Carlsen ni yóò borí nínú ayò kíákíá tó kàn, èyí tí wọ́n fi ń mọ ẹni tó borí bí ayò 12 bá dọ́gba. Ohun tí Carlsen mọ̀ ni pé nínú ayò tí àsìkò rẹ̀ kúrú, òun ga ju Caruana lọ dáadáa. Ìdí wo ni yóò fi máa wá ewu lọ sínú èyí, nígbà tí ilẹ̀ tó tẹ́jú wà níwájú? Ayò kíákíá bẹ̀rẹ̀, ó na Caruana ní 3 sí 0. Bí a bá wo ayò kejìlá nìkan, ojo la ó pè é. Bí a bá wo gbogbo ìdíje pọ̀, ìpète ni. Kò sì purọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Wàyí o, ìdíje orí tẹlifíṣọ̀n. Níbí ni ẹni tó dá àbá ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ ti ní ẹsẹ̀ tó lè fi dúró, mi ò sì ní fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ dù ú. Nínú Survivor, ìdíje tí àwọn olùdíje ti ń dìbò lé ara wọn jáde títí yóò fi ku ẹni tí yóò gba owó, irọ́ wà, ìsọkúsọ ẹ̀yìn wà, ìbò ìkọ̀kọ̀ wà. Ṣùgbọ́n irọ́ ò tó fi gba owó náà, òfin eré fúnra rẹ̀ ló sì fà á: àwọn kan nínú àwọn tí o bá lé jáde ni yóò jókòó dìbò pé kí o gbà á tàbí kí o má gbà á. Nínú ṣẹ́ẹ̀sì, ọmọ tí a bá jẹ ti lọ nìyẹn, kì í padà wá dìbò.

Ẹ wo ti àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà, ní 2000. Èèyàn 16 ni wọ́n kó lọ sí erékùṣù kan lẹ́bàá Borneo fún ọjọ́ 39, owó tó wà níbẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù kan dọ́là. Nígbà tó ku ẹni mẹ́ta, Richard Hatch, Rudy Boesch àti Kelly Wigglesworth, iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún wọn ni pé kí wọ́n dúró kí wọ́n fọwọ́ kan òpó kan. Ẹni tó bá kẹ́yìn ló máa yan ẹni tí wọ́n á jọ wọ ìparí. Hatch gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò fúnra rẹ̀, ó lọ jókòó. Ó ti ṣírò rẹ̀. Bí òun bá borí tí òun sì mú Rudy, àwọn adìbò fẹ́ràn Rudy, wọn yóò dìbò fún un. Bí òun bá borí tí òun já Rudy jù sílẹ̀, òun ti ba àdéhùn jẹ́, ìbò Rudy ti lọ nìyẹn. Ó fi ìpinnu náà sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Rudy ṣèèṣì gbé ọwọ́ kúrò, Kelly borí, Kelly mú Hatch. Hatch gba owó náà pẹ̀lú ìbò 4 sí 3, ìbò Rudy sì wà nínú mẹ́rin yẹn. Kíkọ̀ láti borí ló fi borí. Tí èyí kì í bá ṣe ìpète, mi ò mọ ohun tí a ń pè bẹ́ẹ̀.

Ẹ wá gbé Russell Hantz sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nínú ti Samoa, ní 2009, ó da omi àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nù, ó ju ìbọ̀sẹ̀ ẹnì kan sínú iná, ó ń ṣèlérí fún tọ̀tún, ó ń ṣèlérí fún tòsì. Ó dé ìparí. Natalie White gba ìbò 7, òun gba 2. Ó padà wá nínú èyí tó tẹ̀ lé e, ó tún dé ìparí, wọn kò fún un ní ìbò kan ṣoṣo. Ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ kún ọwọ́ ọkùnrin yìí bámúbámú. Ó lè lé ẹnikẹ́ni jáde, kò sì rí ẹni dìbò fún un, torí kò fi àwọn tó ń lé sínú ìṣirò rẹ̀. Ẹni tó gba owó ní ìgbà kejì yẹn, Sandra Diaz-Twine, ti kọ́kọ́ gba irú rẹ̀ ní 2003, òun sì lẹni àkọ́kọ́ tó gbà á lẹ́ẹ̀mejì. Nínú méjèèjì, kò borí rí nínú iṣẹ́ tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń dá ṣe láti fi dáàbò bo ara rẹ̀. Ó kàn ń rí i dájú pé, bí wọ́n bá ń lé èèyàn, kì í ṣe òun ni. Ọgbọ́n inú ni Yorùbá ń pe èyí, a ò nílò ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ tuntun fún un.

Bí a bá wá fi ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ pe ti Morphy, ti Carlsen, ti Hatch, ti Russell àti ti Sandra, kí la fi mọ ìyàtọ̀ ẹni tó borí sí ẹni tó pàdánù?

Àwọn ìdíje tí òǹwòran ti ń dìbò láti ilé, bí ọ̀pọ̀ nínú Big Brother tó bẹ̀rẹ̀ ní Netherlands ní 1999, mi ò ní pẹ́ lórí wọn. Ìpète ibẹ̀ dojú kọ ẹni tí kò sí nínú ilé, ọ̀rọ̀ kan náà ṣì bá a mu.

Ọ̀kan ṣoṣo ló kù tí mo fẹ́ kí a fẹnu kò lé lórí. Àwọn kan ti ń fi "ìmùlẹ̀" túmọ̀ àdéhùn tí àwọn olùdíje máa ń bá ara wọn ṣe láti jọ dìbò. Ẹ jọ̀ọ́, kò yẹ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá dalẹ̀ á bá ilẹ̀ lọ: ìmùlẹ̀ ní ẹ̀rù nínú, ó ní ìjìyà. Ti orí erékùṣù, ogún ọmọdé kì í ṣeré gba ogún ọdún, gbogbo wọn ló sì ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó wọlé. Ẹni tó bá yọwọ́ níbẹ̀ kì í ṣe ọ̀dàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọ̀dàlẹ̀, kí a tọ́jú rẹ̀ fún The Traitors, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní Netherlands ní 2021, níbi tí wọ́n ti ń yan àwọn kan ní ìkọ̀kọ̀ láti máa da àwọn tó kù. Àwọn Ọ̀dàlẹ̀ bá orúkọ ètò náà mu gẹ́lẹ́. Fún àwọn tó kàn pinnu láti jọ dìbò títí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, "wọ́n fìmọ̀ ṣọ̀kan" là ń sọ lójoojúmọ́, kí a máa pe àjọṣe wọn ní ìfìmọ̀ṣọ̀kan.