Ṣọ́ọ̀ṣì abúlé àtijọ́ wo ni kí n lọ wò ní Essex?

Ìyá Tólú, Kubwa:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọmọ mi obìnrin tó ń gbé ní Essex ní kí n wá sinmi lọ́dọ̀ òun, mo sì ti sọ fún un pé kì í ṣe kàtídírà ńláńlá ni mo fẹ́ rí, bí kò ṣe ṣọ́ọ̀ṣì abúlé kan tó ti pẹ́, tí àwọn àgbẹ̀ ti ń jọ́sìn nínú rẹ̀. Èwo ni kí a lọ? Ṣé wọ́n á jẹ́ kí àlejò kúnlẹ̀ gbàdúrà níbẹ̀?

Akọrin, Nyanya:
Ẹ kú ìmúra ìrìn àjò, mà. Ṣọ́ọ̀ṣì Andérù Mímọ́ tó wà ní Greensted ni kí ẹ lọ. Òun ni wọ́n kà sí ṣọ́ọ̀ṣì onígi tó pẹ́ jù lọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìtàn sọ pé ibẹ̀ ni wọ́n tẹ́ òkú Edmund, ọba East Anglia ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé àtijọ́, tí àwọn jagunjagun Denmark pa ní 869, sí mọ́jú ní 1013, nígbà tí wọ́n ń gbé e láti London padà sí ìlú Bury St Edmunds. Ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin dé Epping, kí ẹ wọ bọ́ọ̀sì dé Ongar, ìrìn ẹsẹ̀ bíi máìlì kan ló kù. Wọ́n ṣì ń ṣe ìsìn níbẹ̀, nítorí náà ẹ kúnlẹ̀ bó ṣe wù yín.

Káfíńtà, Kàdúná:
Ibẹ̀ náà ni èmi ì bá ní kí ẹ lọ, mà, àmọ́ ọ̀rọ̀ òkú ọba yẹn ń fẹ́ àtúnṣe. Àwọn tó ń ka ìlà róbótó inú igi láti fi mọ ọjọ́ orí rẹ̀ ti yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì rí i pé ẹ̀yìn 1060 ni wọ́n gé igi náà, kì í ṣe 845 tí wọ́n ń sọ tẹ́lẹ̀. Bí òkú náà bá sùn níbẹ̀ lóòótọ́, ilé mìíràn tó ṣáájú èyí ni. Ara ògiri ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀: wọ́n la ìtì igi óákù sí méjì, wọ́n nà án ró, ẹ̀yìn rẹ̀ tó yọ gbùngbùn kọjú síta, ojú tó tẹ́jú sì wà nínú, wọ́n wá fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́ há àárín wọn kí atẹ́gùn má baà wọlé. Ẹ wò ó dáadáa, ẹ ó rí àpá irinṣẹ́ tí wọ́n fi gbẹ́ ẹ. Ikán Kàdúná níbí ì bá ti jẹ ẹ́ tán tipẹ́! Ẹsẹ̀ igi náà jẹrà ṣá, wọ́n sì gé e nígbà tí wọ́n ń tún un ṣe ní 1848. Ìdí nìyẹn tí bíríkì fi wà lábẹ́ rẹ̀.

Ìyá Tólú, Kubwa:
Ẹ ṣeun gan-an. Ṣé inú rẹ̀ mọ́lẹ̀ tó? Ojú mi kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́.

Akọrin, Nyanya:
Ó ṣókùnkùn díẹ̀, mà, nítorí fèrèsé orí òrùlé ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé, wọ́n sì fi ìwọ̀nyẹn kún un lẹ́yìn náà ni. Ẹ lọ ní ọ̀sán.