Ẹ má yọ "rí" kúrò nínú àìróorunsùn

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹ̀gbọ́n wa kan ní Ìbàdàn ti fi àwọn ọ̀rọ̀ tuntun ránṣẹ́ sí àwa tí à ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún ọ̀rọ̀ ìṣègùn, lórí oorun àti àwọn àìsàn tó rọ̀ mọ́ ọn. Mẹ́rin ni mo mú jáde nínú wọn: àìsùn fún insomnia (kéèyàn máa wá oorun kó má rí i), aago oòrùn fún circadian clock (aago inú ara tó ń sọ ìgbà tó yẹ ká sùn àti ìgbà tó yẹ ká jí), àìmí ojú oorun fún sleep apnea (kí èémí máa dá lójú oorun), àti ẹ̀gbà ojú oorun fún ohun tó máa ń de èèyàn mọ́lẹ̀ nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jí. Àwọn kan ti yìn wọ́n. Àbúrò wa kan tiẹ̀ kọ̀wé pé àìsùn ló dára jù nínú wọn nítorí pé ó kúrú, pé ọ̀rọ̀ ìṣègùn kò yẹ kó gùn. Mo bọ̀wọ̀ fún ẹ̀gbọ́n wa, wọ́n ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí kí n tó mọ̀wé kà. Ṣùgbọ́n àìsùn yẹn kò bá mi lára mu rárá, n kò sì ní lè dákẹ́ lórí rẹ̀: àìróorunsùn ni mo fẹ́ ká máa pe insomnia.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí. Nọ́ọ̀sì ni mí ní Lọ́ńdọ̀nù, iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe jù. Lọ́dún tó kọjá wọ́n pè mí kí n wá bá ìyá àgbàlagbà kan jókòó, nítorí pé òun àti ògbufọ̀ orí fóònù kò gbọ́ra wọn yé. Ìwé ìbéèrè ni ògbufọ̀ náà ń kà. Ó bi ìyá pé, "Ṣé ẹ ní àìsùn?" Ìyá ní, "Rárá o, ọmọ mi, a ti ṣe é lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, ó tún di ìparí oṣù." Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé oorun ìyá dára. Èmi ni mo wá bi wọ́n pé, "Mà, ṣé ẹ máa ń róorun sùn lálẹ́?" Ìyá mí kanlẹ̀. Wọ́n ní láti ìgbà tí bàbá ti kú, tí ọ̀gànjọ́ bá ti lù báyìí, ojú àwọn á là, kò ní pa dé mọ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Oṣù mẹ́jọ ni wọ́n ti ń bá a yí. Oṣù mẹ́jọ, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni kò jẹ́ kó hàn sí dókítà!

Ẹ wo àìsùn dáadáa. Àì gun orí sùn, ó parí. Ẹni tó lè sùn, tí kò sùn, ló ń ṣe àìsùn. Àìsùn òkú wà, àìsùn Kérésìmesì wà, ti ọdún tuntun wà. A máa ń lọ síbẹ̀ ni, a máa ń mú omi àti aṣọ òtútù dání lọ. Àìsàn wo la máa ń múra lọ bá?

Nínú àìróorunsùn, rí ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́. Èèyàn ń wá oorun, ọwọ́ rẹ̀ ò tẹ̀ ẹ́. Èdè wa kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ máa fi rí ṣe irú iṣẹ́ yìí. Àìṣiṣẹ́ ni ti ọ̀lẹ, àìríṣẹ́ṣe ni ti ọmọ tó kàwé gboyè tó ń wáṣẹ́ kiri. Àìnáwó ni ti ahun, àìrówóná ni ti òtòṣì. Àìbímọ lè jẹ́ ìpinnu tọkọtaya, àìrọ́mọbí ń da omi lójú ẹni. Ẹ lọ pe ẹni tí kò ríṣẹ́ ní aláìṣiṣẹ́ létí ìyá rẹ̀, kẹ́ ẹ wá sọ fún mi bóyá "rí" kò nítumọ̀.

Olùkọ́ àgbà kan láàárín wa ti dáhùn pé àìróorunsùn kì í ṣe ọ̀rọ̀, pé gbólóhùn ni, nítorí pé ọ̀rọ̀-ìṣe méjì ló wà nínú rẹ̀. Ẹ dákun sà, mélòó ló wà nínú àìríṣẹ́ṣe? Ojoojúmọ́ làwọn oníròyìn ń sọ ọ́ lórí rédíò, kò sẹ́ni tó bi wọ́n pé ṣé ọ̀rọ̀ ni. Ẹ tún ní kí n kọ ọ́ ní "àìróorun sùn", kí àyè wà láàárín. N kò ní jà lórí ìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ fi àyè sí i kó fi sí i, kó ṣáà má yọ rí.

Ohun tó tiẹ̀ dùn mí jù ni pé àwọn onímọ̀ oorun fúnra wọn ya nǹkan méjì yìí sọ́tọ̀, àwa tí èdè wa ti yà á sọ́tọ̀ láti ayébáyé la wá fẹ́ dà á pọ̀. Ohun tí wọ́n ń pè ní insomnia ni pé kí èèyàn ní àyè láti sùn, kó ní ibùsùn, kí ilé pa lọ́lọ́, kí oorun má sì wá, tàbí kó wá kó tún dá lójú rẹ̀, kí ara rẹ̀ má sì yá lọ́jọ́ kejì nítorí rẹ̀. Tí èyí bá ń ṣẹlẹ̀ ní òru mẹ́ta lọ́sẹ̀, ó kéré tán, fún oṣù mẹ́ta, wọ́n á ní ó ti di bárakú. Ti Randy Gardner kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọdún 17 ni ní San Diego, ní Amẹ́ríkà, nígbà tó fi ìparí ọdún 1963 wọ ìbẹ̀rẹ̀ 1964 láìsùn fún wákàtí 264, ọjọ́ 11 gbáko, nítorí iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì ilé ìwé. Oorun ń wá a kiri, òun ló ń lé e. Àìsùn pọ́ńbélé nìyẹn, mo fún ẹ̀gbọ́n wa ní ọ̀rọ̀ wọn níbẹ̀. Nígbà tí Gardner sì dùbúlẹ̀, ó sùn bí wákàtí 14. Ẹni tó ní àìróorunsùn kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, ohun tó sọ ọ́ di aláìsàn gan-an nìyẹn.

Èmi fúnra mi ń gbé méjèèjì nínú ọjọ́ kan. Lálẹ́, mo wà lẹ́nu iṣẹ́, àìsùn ni mò ń ṣe. Tí mo bá délé láàárọ̀, tí mo fa kọ́tìnì, tí mo dùbúlẹ̀, aago inú ara mi á máa pariwo pé ojúmọ́ ti mọ́, kí n dìde. Àìróorunsùn á bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kò lè gba èmi méjèèjì.

Ibi aago yìí ni mo fẹ́ kọjú sí báyìí, nítorí ẹ̀gbọ́n wa pè é ní aago oòrùn. Láìsí àmì ohùn ni wọ́n sì kọ́kọ́ fi ránṣẹ́! Ọjọ́ mẹ́ta la fi jà níbí, àwọn kan ń gbèjà oorun tí à ń sùn, àwọn kan ń bá oòrùn tó ń ràn jà, ẹnì kan tiẹ̀ ń bi wá pé kí ló kan imú nínú ọ̀rọ̀ aago. Re re re ni oorun ojú, re dò dò ni oòrùn ọ̀sán, dò mí dò ni òórùn tí imú ń gbọ́. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ Yorùbá, èyí tó yẹ kéèyàn fi àmì sí kó tó tẹ bọ́tìnnì ìfiránṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ oorun. Olùkọ́ mi ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kì í máàkì iṣẹ́ ẹni tí kò bá fi àmì sí i, ó máa ń dá a padà ni.

Ẹ̀gbọ́n wa ní oòrùn làwọn baba wa fi ń mọ àkókò, pé ìyẹn ló fà á. Òótọ́ ni, ìyálẹ̀ta, ọ̀sán gangan, ìrọ̀lẹ́, ojú ọ̀run la ti kà á. Àmọ́ aago tí à ń sọ yìí ń ṣiṣẹ́ níbi tí oòrùn kò dé. Lọ́dún 1729, ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Jean-Jacques d'Ortous de Mairan, gbé ewé kan tó jẹ́ ìbátan patanmọ́ wa sínú òkùnkùn. Ẹ rántí patanmọ́, tí a máa ń fọwọ́ kàn lọ́mọdé ká máa wò ó bó ṣe ń pa ara rẹ̀ dé. Nínú òkùnkùn yẹn, ewé náà ṣì ń ṣí lọ́sàn-án, ó ṣì ń pa dé lálẹ́. Ta ló sọ fún un pé ọ̀sán ti pọ́n? Ní 1962, Michel Siffre, ọmọ Faransé bákan náà, wọ inú ihò àpáta lọ, kò ní aago, kò rí oòrùn fún bí oṣù méjì. Lọ́jọ́ tí wọ́n lọ mú un jáde, 14 oṣù kẹsàn-án, ó rò pé 20 oṣù kẹjọ ṣì ni. Orí rẹ̀ ti ṣìrò, ara rẹ̀ kò ṣìrò: sísùn àti jíjí rẹ̀ kàn fi díẹ̀ kọjá wákàtí 24 lójoojúmọ́ ni.

Aago yìí kò sí lójú ọ̀run, inú ọpọlọ ló wà, lókè ibi tí iṣan ojú ọ̀tún àti ti òsì ti gba ara wọn kọjá, ẹgbẹẹgbẹ̀rún sẹ́ẹ̀lì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ìmọ́lẹ̀ tó bá gba ojú wọlé ló ń tún un yí. Ẹni tó ń yí ọwọ́ aago kì í ṣe aago. Ẹ̀bùn Nobel tí wọ́n fún Jeffrey Hall, Michael Rosbash àti Michael Young ní 2017 dá lórí ohun tí wọ́n rí lára eṣinṣin tíntìntín tó máa ń bà lé èso: bí prótíìnì kan ṣe ń kóra jọ nínú sẹ́ẹ̀lì lóru, tó sì ń tú ká lọ́sàn-án. Sẹ́ẹ̀lì náà fúnra rẹ̀ ni aago. Nítorí náà, aago ara ni mo dúró lé. Ohun tí ìyá mi ń sọ náà nìyẹn tí wọ́n bá jí lágogo márùn-ún láìsí ẹni tó pè wọ́n: "ara mi ti mọ̀ ọ́n."

Àwọn kan ní aago ara kò gbé "circa" tó wà nínú ọ̀rọ̀ náà jáde. Franz Halberg ló dá circadian sílẹ̀ ní 1959 láti inú èdè Látìn, "nǹkan bí ọjọ́ kan" ló túmọ̀ sí. "Bí" yẹn ṣe pàtàkì, mo gbà, nítorí pé nígbà tí Charles Czeisler àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wọ̀n ọ́n lára èèyàn ní 1999, wákàtí 24 àti ìṣẹ́jú bíi 11 ni wọ́n bá. Fún lílọ-bíbọ̀ tí aago ara ń lọ tó ń bọ̀ lójoojúmọ́, mo dábàá àlọbọ̀ ara. Ẹnì kan ti ní owó ọkọ̀ ni àlọbọ̀ ń rán òun létí. Kò burú, ohun tó lọ tó sì padà síbi tó ti gbéra ni, n kò rí àléébù níbẹ̀.

Àìmí ojú oorun ńkọ́? Òkú lèmi mọ̀ ní aláìmí. Ẹni tí àìsàn yìí ń ṣe ń hanrun, èémí rẹ̀ á dá fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀, á tún mí, á tún dá. Ọ̀fun ló sábà máa ń dí mọ́ ọn. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ẹ̀rọ tí Colin Sullivan gbé jáde ní Sydney lọ́dún 1981 fi ń fẹ́ atẹ́gùn gba imú wọlé, kí ọ̀nà ọ̀fun lè là. Àì náà tún kọ́ lẹ́sẹ̀ níbí: kò kọ mímí. Bí a bá ní ìdákú fún ẹni tó lọ tó tún bọ̀, ṣé ìdámí kò lè dúró? Ẹ wò ó bóyá dá yẹn wọlé.

Ẹ̀gbà ojú oorun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́ fún aláìsàn kankan. Ẹni tó bá gbọ́ ẹ̀gbà á rò pé apá kan ara òun ti rọ títí láé. Ìgbà tí èèyàn bá ń lá àlá, iṣan ara máa ń dẹ̀. Tí ojú bá là kí iṣan tó padà, kò ní lè gbéra fún ìgbà díẹ̀, á sì kọjá. "Wọ́n tẹ̀ mí mọ́lẹ̀" lọ̀pọ̀ ń wí nílé. Kí ló dé tí a kò lè fi ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ojú oorun sílẹ̀ bẹ́ẹ̀? Àwọn tó ní kí a kúkú lo ogun òru, mo gbọ́ yín, ṣùgbọ́n ogun òru gbòòrò ju ìyẹn lọ, ó ní ìjà nínú, ó ní igbe nínú, ó ní ẹni tó fò dìde. Ẹ jẹ́ kí ogun òru dúró sáyè rẹ̀.

Ó ku ohun kan tí mo fẹ́ gbà lọ́wọ́ yín. Ìyá mi àgbà ní Ìṣẹ́yìn, ahunṣọ òfì ni wọ́n, wọn kò lọ sílé ìwé rárá, wọ́n sì pín àìróorunsùn sọ́nà mẹ́ta kí dókítà kankan tó kọ́ mi. "Oorun ò kùn mí", ìyẹn nígbà tí wọ́n bá dùbúlẹ̀ tí kò wá. "Oorun dá lójú mi", ìyẹn láàárín òru. Ẹ̀kẹta, tí ojú bá là ní ìdájí hàì tí ilẹ̀ kò tíì mọ́, tí kò sì ní pa dé mọ́, wọ́n ní ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n ń lò fún un, àfi bí ẹni pé wọ́n fà á yọ lórí mi. Mo bi àwọn ẹ̀gbọ́n mi nílé, kò sẹ́ni tó rántí. Ẹ̀yin ará Òkè-Ògùn, Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àti Kétu, ẹ bá mi bi àwọn àgbà tó kù nílé. Ẹ fi ohun tí wọ́n bá sọ ránṣẹ́, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an, pẹ̀lú àmì ohùn lórí rẹ̀.