Mo ti yọ áàpù kúrò lórí fóònù, wọ́n ṣì ń yọ owó mi

Ìyá Aránṣọ, Ìjẹ̀bú-Òde:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Nígbà tí Ojúde Ọba ń bọ̀, obìnrin 23 nínú rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kan kó aṣọ fún mi lẹ́ẹ̀kan náà. Mo bá gba áàpù kan tó ń fi sítáì hàn. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n pe ọjọ́ méje àkọ́kọ́, àmọ́ nọ́ńbà káàdì ATM ni wọ́n kọ́kọ́ gbà. Aago kan ń sáré lójú fóònù: ó ku ìṣẹ́jú 9, ó ku 8. Àyà mi já, mo tẹ̀ ẹ́. Ọ̀rẹ́ mi ṣí i lọ́jọ́ kejì, ìṣẹ́jú 9 yẹn náà ló bá! Bọ́tìnì "mo gbà" pupa, ó tóbi. Èyí téèyàn fi ń kọ̀ ọ́ kéré bí ojú abẹ́rẹ́, òyìnbó tí wọ́n kọ sí i sì ni pé èmi ò fẹ́ kí iṣẹ́ mi dára. Ta ló máa tẹ irú ẹ̀?

Ọjọ́ méje pé, ₦4,500 lọ. Mo yọ áàpù náà kúrò. Lánàá wọ́n tún yọ ₦4,500. Ọmọ mi ní àìfarabalẹ̀ mi ni.

Ọmọ Ṣágámù:
Mọ́mì, ẹ má dá ara yín lẹ́bi. Yíyọ áàpù kúrò kì í dá owó dúró. Tó bá jẹ́ Play Store lẹ ti gbà á, ẹ ṣí i, ẹ tẹ àwòrán yín lókè lọ́wọ́ ọ̀tún, kí ẹ wọ "Payments & subscriptions", lẹ́yìn náà "Subscriptions", kí ẹ fagi lé e níbẹ̀. Àná ni wọ́n yọ ọ́, ẹ béèrè owó yín lọ́wọ́ Google lónìí, kí wákàtí 48 tó kọjá.

Wẹ́búsáìtì ni mò ń ṣe jẹun. Oníbàárà ti sọ fún mi rí pé kí n fi bọ́tìnì ìjáde pamọ́. Ọgbọ́n ẹ̀tàn yìí lórúkọ: Harry Brignull, òyìnbó kan tóun náà ń ṣiṣẹ́ lórí bí wẹ́búsáìtì ṣe ń rí, ló pè é ní "dark patterns" ní 2010. Ní 2023, FTC, àjọ tó ń gbèjà oníbàárà nílẹ̀ Amẹ́ríkà, gbé Amazon, ilé ìtajà orí íńtánẹ́ẹ̀tì, lọ sílé ẹjọ́ nítorí Prime, ètò tí oníbàárà wọn ń sanwó fún déédéé, pé àtiwọlé rọrùn, àtijáde di ogun. Ní 2025 Amazon gbà láti san bílíọ̀nù 2.5 dọ́là, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn ò gbà pé àwọn jẹ̀bi.

Bàbá Ìpẹ̀rù:
Ìyá Aránṣọ, ẹ má bínú o. Ọmọ Ìjẹ̀bú wo ló ń fi káàdì sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ní ọ̀fẹ́ ni?

Ìyá Aránṣọ:
Bàbá, ẹ ṣeun sà, mo gba ìbáwí. Àmọ́ gààrí ni ìyá mi tà títí ó fi darúgbó. Ẹ mọ kóńgò tí wọ́n lu ìdí ẹ̀ wọnú? Òkìtì orí ẹ̀ ni oníbàárà ń wò. Tí wọ́n bá mú irú kóńgò bẹ́ẹ̀ lọ́jà, ṣé ẹni tó ra gààrí ni wọ́n ń bá jà?

Ọmọ Ṣágámù, mo rí ibẹ̀. Ìṣẹ́jú méjì péré! Mo ti fagi lé e, mo ti béèrè owó tàná. Ti àkọ́kọ́ ńkọ́?

Ọmọ Ṣágámù:
Ìyẹn le díẹ̀, mọ́mì. Ẹ kọ̀wé sí àwọn tó ni áàpù náà. Tí wọn ò bá dáhùn, ẹ fi ẹjọ́ sun FCCPC, àjọ ìjọba tó ń gbèjà oníbàárà ní Nàìjíríà, kí ẹ so ìwé báńkì mọ́ ọn.