Tábìlì onípákó tí màá gbé sí ìta: igi wo ni kí n rà ní Bódìjà?

Ọmọ Ẹlẹ́yẹlé
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Mo fẹ́ fọwọ́ ara mi kan tábìlì sí ẹ̀yìnkùlé wa, lábẹ́ igi máńgòrò, ibẹ̀ ni gbogbo ilé máa ń kó ara wọn jọ sí nírọ̀lẹ́ tí iná bá ti lọ. Èèyàn mẹ́fà ni mo fẹ́ kó gbà, a ó máa jẹun lórí ẹ̀, àwọn ọmọ á máa ṣe họ́múwọ́ọ̀kì níbẹ̀. Kò sí òrùlé kankan lókè ẹ̀ o, bí òjò bá rọ̀ á rọ̀ lé e lórí, bí oòrùn bá ràn á ràn lé e lórí. Mo ní ayùn, mo ní hámà, tépù wà, ẹ̀gbọ́n mi sì gbé dìrílì oníná sílẹ̀ fún mi kí wọ́n tó lọ Kánádà. Ilé adìyẹ ni mo ti kàn rí, kò sì tíì wó.

Ohun tó dà mí lórí rú ni pé ẹni tí mo kọ́kọ́ bi ní ọjà pákó Bódìjà n'Íbàdàn níbí ní àfàrà ni kí n rà, èkejì ní ìrókò, ẹ̀kẹta ní igi gbogbo igi náà ni, kí n ṣáà ti fi fánííṣì kùn ún dáadáa. Èwo ni ká gbà nínú ẹ̀? Ṣé gọ́ọ̀mù ni kí n fi lẹ pákó orí ẹ̀ pọ̀ ni àbí ìṣó? Mi ò fẹ́ èyí tí mo máa kàn lónìí táá bẹ̀rẹ̀ sí mì tìtì tó bá dọdún tó ń bọ̀.

Ìyá Wúrà
Ọmọ mi, lọ ra tábìlì rọ́bà jàre. Wọ́n ń tà á káàkiri, òjò ò ní nǹkan kan fi ṣe é.

Ọmọ Ẹlẹ́yẹlé
Hahaha, Mà, rọ́bà yẹn ni a ní tẹ́lẹ̀, oòrùn ti sè é, ẹsẹ̀ ẹ̀ kán lábẹ́ àlejò.

Bọ̀dá Káfíńtà Mọ́níyà
Àbúrò, ẹni tó ní igi gbogbo igi náà ni yẹn, ọjà ló fẹ́ tà, má dá a lóhùn. Àfàrà dára o, èmi náà ń lò ó, ṣùgbọ́n inú ilé ni mo ti ń lò ó, nínú wọ́dìróòbù, lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, ibi tí omi ò ti ní kàn án. Tó o bá gbé e síta nílùú Ìbàdàn yìí tí òjò ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹta tí kì í sì dáwọ́ dúró gidi títí di oṣù kẹwàá, yóò jẹrà, ikán á sì wá bá a ṣeré. Arère náà bẹ́ẹ̀, òun tiẹ̀ tún burú jù, ó fúyẹ́, ó rọrùn láti rẹ́, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ fi fẹ́ràn ẹ̀.

Èyí tó lè dúró níta ni ìrókò, apá, òpèpè, tíìkì, ìdigbó náà kì í ṣe ohun tá a lè fojú fò dá. Òpèpè yẹn ni wọ́n fi ń tẹ́ abẹ́ irin rélùwéè tẹ́lẹ̀, igi tó gbé rélùwéè kò ní ṣàìgbé àwo àmàlà. Apá lágbára púpọ̀ ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ayùn ọwọ́ lo fẹ́ fi rẹ́ ẹ, apá tìẹ ló máa kọ́kọ́ kán. Èkkí ńkọ́, má tiẹ̀ dán an wò, ìyẹn máa ba dìrílì ẹ̀gbọ́n ẹ jẹ́.

Tó bá jẹ́ èmi, ìrókò ni màá fi ṣe orí ẹ̀, màá fi òpèpè ṣe ẹsẹ̀. Tówó ò bá tó, fi ìdigbó ṣe gbogbo ẹ̀. Má bèèrè iye lọ́wọ́ mi o, iye tí wọ́n dá lọ́jọ́ Ajé lè má jẹ́ iye tí wọ́n máa dá lọ́jọ́ Ẹtì.

Ẹ̀gbọ́n Jẹ́ríkò
Òótọ́ ni Káfíńtà sọ ṣùgbọ́n ó ku ibì kan. Kì í ṣe gbogbo ohun tó bá ń jẹ́ ìrókò ló ń pẹ́ níta. Wo pákó ẹ dáadáa kó o tó sanwó: etí igi tó funfun yẹn, èyí tó sún mọ́ èèpo, kò lágbára kankan, ikán máa ń jẹ ẹ́ bí wọ́n ṣe ń jẹ arère ni. Àárín igi ló ń pẹ́. Ìrókò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là máa ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ẹni pé ó fẹ́ yẹ́lò, tí ìmọ́lẹ̀ bá ti bà á lára fún ìgbà díẹ̀ á wá dúdú di bíráùn. Nítorí náà tí wọ́n bá fi pákó tí ìdajì ẹ̀ funfun hàn ọ́, dá a padà, kí wọ́n ní ìrókò pọ́ńbélé ni títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ìkejì, igi tútù. Ìlànà àwọn tó ń sá igi ni pé pákó tó nípọn ínṣì kan máa ń gbà tó bí ọdún kan kó tó gbẹ fúnra ẹ̀ nínú afẹ́fẹ́, ta ló wá ń dúró bẹ́ẹ̀ ní Bódìjà? Èyí tí wọ́n là lọ́sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n máa gbé fún ọ. Gbé pákó méjì tó jọra wọn ní ìwọ̀n dání lọ́wọ́, èyí tó wúwo ju ìkejì lọ, omi ló wà nínú ẹ̀. Bi wọ́n léèrè èyí tó ti pẹ́ nílẹ̀ lábẹ́ ṣẹ́ẹ̀dì, ó lè ní eruku, ó lè má lẹ́wà lójú, òun ni kó o mú. Bó o bá gbé e délé, tò ó sórí búlọ́ọ̀kù kó má kan ilẹ̀, fi igi tín-ín-rín sáàárín pákó kan àti èkejì kí atẹ́gùn lè gba ibẹ̀ kọjá, gbé nǹkan tó wúwo lé e lórí kó má baà ká.

Ìbàdàn la sì wà, kò yẹ kí ọ̀rọ̀ igi nira fún wa, iléeṣẹ́ ìwádìí igbó ìjọba àpapọ̀ tó di FRIN lónìí ti wà ní Jẹ́ríkò níbí láti 1954. Ẹ tún fi nǹkan bo imú tí ẹ bá ń rẹ́ ẹ, ìyẹ̀fun ìrókò máa ń yún èèyàn nímú àti lára, ti igi mansonia ló wá burú jù.

Ọmọ Ẹlẹ́yẹlé
Bàbá, ẹ ṣeun gan-an, mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé etí igi yàtọ̀ sí àárín ẹ̀. Báwo wá ni ti ìwọ̀n ẹ̀?

Adébáyọ̀ Òkè-Àdó
Èmi kì í ṣe káfíńtà o, ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn kí n máa ṣírò nǹkan. Fíìtì méjì ni ẹnì kan nílò kí ìgbọ̀nwọ́ ẹ̀ má baà máa gún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ẹni mẹ́ta ní ẹ̀gbẹ́ kan, ẹni mẹ́ta ní èkejì, fíìtì mẹ́fà nìyẹn. Gíga 30 ínṣì, bẹ́ńṣì 18 ínṣì.

Orí tábìlì: ra pákó 2 by 6 onífíìtì 12 mẹ́ta, gé ọ̀kọ̀ọ̀kan sí méjì, o ti ní mẹ́fà onífíìtì mẹ́fà. Tí wọ́n bá fi ẹ̀rọ fá a tán, 6 yẹn á kù sí bíi ínṣì márùn-ún àbọ̀, 2 á kù sí bíi ínṣì kan àti mẹ́ta nínú mẹ́rin, kó má yà ọ́ lẹ́nu. Mẹ́fà lọ́nà márùn-ún àbọ̀ jẹ́ 33 ínṣì, kún un pẹ̀lú àlàfo tó o máa fi sílẹ̀ láàárín wọn, ó ti lé ní 34, ó tó fún oúnjẹ.

Ẹsẹ̀: 3 by 4 onífíìtì 12 kan ṣoṣo, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á jáde níbẹ̀. Má gé e ní 30 o, yọ nínípọn orí ẹ̀ kúrò, bíi 28 ínṣì lé díẹ̀. Férémù: 2 by 4 méjì. Ọ̀kan fún igi gígùn ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, 60 ínṣì ọ̀kọ̀ọ̀kan, èkejì fún igi mẹ́ta tó dábùú lábẹ́ orí, ohun tó bá kù ni kó o gé ní dáyágónà láti fi ti ẹsẹ̀ mọ́ férémù. Ti dáyágónà yẹn ló máa jẹ́ kó má mì, má fò ó.

Tépù tìẹ ni kó o gbé lọ ọjà.

Ìyá Ìbejì Chálẹ́ǹjì
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi òyìnbó pa yín. Ọ́ìlì kọńdẹ́ẹ̀mù lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, kùn ún lẹ́ẹ̀mejì, ikán ò ní yà síbẹ̀ láéláé. Bàbá mi ṣe é sí òpó ọgbà wa, ó wà níbẹ̀ títí dòní.

Bọ̀dá Káfíńtà Mọ́níyà
Màámi, òpó ọgbà nìyẹn o. Ta ló ń jẹun lórí òpó ọgbà? Ọ́ìlì tó ti jóná nínú ẹ́ńjìnnì ti kó ìdọ̀tí irin sínú, kì í tán lára igi bọ̀rọ̀, yóò máa kun aṣọ àwọn ọmọ, ìwé họ́múwọ́ọ̀kì náà á di dúdú. Tó bá ń bẹ̀rù ikán, kó fi Solignum, oògùn ikán tí wọ́n ń kùn sára igi, kun ẹsẹ̀ ẹ̀ àti abẹ́ férémù nìkan, kó jẹ́ kó gbẹ dáadáa, kó má fi kan orí ẹ̀ rárá.

Ibi tí omi ti ń pa tábìlì gan-an ni ìdí ẹsẹ̀, ibi tí wọ́n ti fi ayùn gé e yẹn. Ojú igi níbẹ̀ là sílẹ̀, ó ń fa omi bí ẹni fi sítíróò mu míníràlì. Nítorí náà má ri ẹsẹ̀ ẹ̀ mọ́lẹ̀, má sì jẹ́ kó dúró lórí erùpẹ̀. Da kọnkéré kékeré mẹ́rin, tàbí kó o wá àfọ́kù táìsì tó le, kó dúró lé e. Kí ikán tó gùn ún, wàá ti rí ọ̀nà ẹ̀ lórí kọnkéré yẹn, wàá gbá a dànù.

Lórí ọ̀rọ̀ gọ́ọ̀mù: má lẹ pákó orí ẹ̀ pọ̀ rárá. Gọ́ọ̀mù funfun tí gbogbo wa ń lò yẹn, omi máa ń tú u. Kódà tó bá jẹ́ èyí tí omi ò lè tú, igi máa ń wú lásìkò òjò, ó máa ń sún kì lásìkò ọyẹ́, tó o bá dè é pa, á là ni. Fi àlàfo sílẹ̀ láàárín wọn, bíi ìdámẹ́rin ínṣì kan, kí omi lè ṣàn kọjá. Tí igi ẹ bá ṣì tutù díẹ̀, jẹ́ kí àlàfo yẹn kéré, ọyẹ́ máa fẹ̀ ẹ́ fúnra ẹ̀.

Adébáyọ̀ Òkè-Àdó
Ìṣó ńkọ́ Bọ̀dá?

Bọ̀dá Káfíńtà Mọ́níyà
Bóòtù àti nọ́ọ̀tì ni kó fi so ẹsẹ̀ mọ́ férémù, pẹ̀lú wáṣà, torí tí ọyẹ́ bá ti mú kí igi sún kì, sípánà ló máa fi fún un le, ìṣó lásán kì í ṣe é fún le, ó máa ń yọ ni. Igi mẹ́ta tó dábùú yẹn, kó gbé wọn ní ìdùbúlẹ̀, kó wá ti abẹ́ wọn fi síkúrù ínṣì mẹ́ta gbá pákó orí mú, méjì fún pákó kan. Síkúrù ò ní yọ orí jáde lókè, omi ò sì ní rí ihò wọlé. Kó kọ́kọ́ fi dìrílì lu ihò o, ìrókò kì í gba síkúrù tipátipá, á là tàbí kí orí síkúrù já. Ihò tó wà lára igi ìdábùú kó fẹ̀ díẹ̀ ju síkúrù lọ kí pákó lè ráàyè mí. Fi àbẹ́là pa síkúrù lára, á wọlé wẹ́rẹ́. Kó rí i pé wọ́n jẹ́ èyí tí kì í dípáàrà, tó bá jẹ́ irin lásán, ojú ìrókò á dúdú yí i ká, kò ní ṣeé nù kúrò.

Ọmọ Ẹlẹ́yẹlé
Bọ̀dá, ẹ kú làálàá mi o. Fánííṣì wá ńkọ́? Àti pé ẹnì kan ní ilé wa ní kí n fi epo pupa pa á 😂

Ìyá Wúrà
Epo pupa? Kí eèrà wá bá yín jẹun? Epo pupa kì í gbẹ lára igi láéláé, aṣọ àlejò ló máa nù ún fún ẹ.

Ẹ̀gbọ́n Jẹ́ríkò
Fánííṣì máa ń dán lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kò sí ariyànjiyàn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n oòrùn máa ń sán an, omi á gba ojú sísán yẹn wọlé, kò wá ní rọ́nà jáde mọ́, á bẹ̀rẹ̀ sí bó. Ìwọ lo máa wá fi sánpépà ha gbogbo ẹ̀ kúrò kó o tó lè tún un kùn. Òróró línsíìdì, èyí tí wọ́n ti sè, ló dára jù fún irú iṣẹ́ yìí. Fi àkísà pa á, dúró díẹ̀, nu èyí tó bá ṣẹ́ kù, tún un ṣe lọ́dọọdún kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Ìdí ẹsẹ̀ ni kó o fún mu jù. Jọ̀ọ́ má ká àkísà òróró yẹn jọ sí kọ̀rọ̀ o, ó máa ń gbóná fúnra ẹ̀, ó sì lè gbiná láìsí ẹni tó ṣáná sí i. Tẹ́ ẹ síta kó gbẹ tàbí kó o rẹ ẹ́ sómi.

Tó ò bá fẹ́ kùn ún rárá náà, ìrókò àti tíìkì kò ní torí ẹ̀ jẹrà, wọ́n kàn máa di aláwọ̀ eérú ni. Èmi fẹ́ràn ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìyàwó mi ò fẹ́ràn ẹ̀.

Igi máńgòrò yẹn gan-an ni mo fẹ́ bá ẹ sọ. Lábẹ́ ẹ̀ gan-an, oòrùn kì í débẹ̀ dáadáa, tábìlì ò ní tètè gbẹ lẹ́yìn òjò, ewé á máa jẹrà sínú àlàfo ẹ̀, ẹyẹ náà á máa ṣe tiẹ̀. Sún un síbi tí òjìji igi ti parí, kí oòrùn àárọ̀ máa bà á, kí òjìji máa bò yín nírọ̀lẹ́.

Ọmọ Ẹlẹ́yẹlé
Ìyẹn dùn mọ́ mi, màá sún un sí apá ìlà-oòrùn igi yẹn. Ó dáa, ìrókò lórí, òpèpè fún ẹsẹ̀ àti férémù, Sátidé mò ń lọ Bódìjà. Mi ò ní mọ́tò o, báwo ni màá ṣe gbé pákó fíìtì 12 dé Ẹlẹ́yẹlé?

Adébáyọ̀ Òkè-Àdó
Ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ gé gbogbo ẹ̀ sí méjì níbẹ̀, fíìtì mẹ́fà mẹ́fà. Mo ti ṣírò ẹ̀, kò sí èyí tó máa ṣòfò, igi 60 ínṣì á jáde, ẹsẹ̀ méjì méjì á jáde lára ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ọmọ Ẹlẹ́yẹlé
Ìyẹn ni pé takisí Micra á gbà á?

Bọ̀dá Káfíńtà Mọ́níyà
Micra á gbà á. Ṣùgbọ́n bùútù ò ní tì, mú okùn dání láti ilé, má dúró de èyí tí dírẹ́bà máa wá.