Ta ló mọ ibi tí a ti lè rí bíà tí kì í ṣe ti iléeṣẹ́ ńlá, láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Ọ̀yọ́?

Àjàgbé Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Láti ìgbà tí mo ti ń mu bíà, Trophy ni mò ń mu. Bí kò bá sí, Star. Nígbà ọyẹ́, Guinness. Lóṣù tó kọjá ni àna mi dé láti Àbújá, ó gbé ìgò kan fún mi tí wọ́n kọ Black Gold sí lára, ti Bature Brewery. Òórùn kọfí ló kọ́kọ́ gbà mí nímú. Ó korò, àmọ́ ìkorò tó ń dùn lẹ́yìn ọ̀fun ni, ó sì ki débi pé ìgò kan péré tó mi títí ilẹ̀ fi ṣú. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wá irú rẹ̀.

Kí ló dé tí bíà iléeṣẹ́ ńlá fi fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra lẹ́nu? Ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni sì wà tó ń pọn tirẹ̀ lágbègbè wa níbí, Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀yọ́, kódà Ìlọrin? Mo ṣe tán láti wọ mọ́tò lọ bá a.

Lánre Ìlọrin

Bọ̀dá Àjàgbé, ohun tó mú wọn jọra ni pé láágà ló pọ̀ jù nínú wọn, yàtọ̀ sí Guinness. Star tí wọ́n ti ń pọn láti 1949, Trophy tó bẹ̀rẹ̀ ní Iléṣà ní 1978, Gulder, ọmọ ìyá ni wọ́n. Ìwúkàrà láágà, èyí tó ń sọ ṣúgà di ọtí, kì í kánjú. Inú òtútù ló ti ń ṣiṣẹ́, bíi díígírì 10, lẹ́yìn náà wọ́n á tún tọ́jú ọtí náà sínú òtútù títí á fi mọ́ lójú, táá fúyẹ́ lẹ́nu. Ìwúkàrà ti ale, oríṣi bíà kejì, yàtọ̀. Ó fẹ́ ooru bíi díígírì 20, kíákíá ló ń ṣiṣẹ́, ó sì lè fi òórùn èso sílẹ̀ nínú ọtí, bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n. Stout, bíà dúdú tí ẹ mu yẹn, ọkà tí wọ́n yan dúdú ló fún un láwọ̀.

Bature ní ibi ìpọntí ní Àbújá àti Èkó. Èmi ò tíì rí irú wọn ní Ìlọrin tàbí Ògbómọ̀ṣọ́. Bí ẹ bá ní kí wọ́n bá yín gbé e wá, kí wọ́n fi yìnyín sí i, kí oòrùn má sì rí ìgò náà, torí oòrùn máa ń ba hops inú rẹ̀ jẹ́, òdòdó tó ń mú bíà korò, ọtí á máa rùn. Trophy náà kì í sì í ṣe ti iléeṣẹ́ kékeré mọ́: láti 2016, iléeṣẹ́ bíà AB InBev ti òkèèrè ló ni ìpín tó pọ̀ jù níbẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́ Ọjà Jagun

Ẹ̀yin ọkùnrin wọ̀nyí, ẹ ń wá apọntí lọ sí Àbújá, apọntí wà lẹ́yìnkùlé yín! Ìyá tó bí ìyá mi, ọtí ọkà bàbà ló fi rán àwọn ọmọ rẹ̀ níléèwé. Èmi náà ṣì ń pọn ọ́n bí ọkà tuntun bá ti dé láti Òkè-Ògùn.

A ó rẹ ọkà mọ́jú, a ó tẹ́ ẹ sórí ewé, a ó fi ewé bò ó, a ó máa wọ́n omi sí i. Tó bá di ọjọ́ kẹrin, gbòǹgbò á ti kọ́ mọ́ra wọn bí irun tí a kò yà. Ọkà tó hù ló ń sọ ìyẹ̀fun inú ara rẹ̀ di ṣúgà, ṣúgà yẹn ni ìwúkàrà máa jẹ. A ó sá a gbẹ, a ó lọ̀ ọ́, a ó pò ó mọ́ omi nínú àmù.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń bà á jẹ́ nìyí: wọ́n á gbé gbogbo rẹ̀ kaná lẹ́ẹ̀kan náà. Màmá àgbà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n á jẹ́ kó tòrò, wọ́n á rọra da omi orí rẹ̀ sínú igbá, èyí tó ki nísàlẹ̀ nìkan ni wọ́n máa sè. Tó bá jinná tó sì ti lọ́ wọ́ọ́wọ́, wọ́n á wá da omi orí yẹn padà sí i. Ìgbà tí mo ń ka Food Science ní LAUTECH ni mo tó mọ ìdí rẹ̀. Inú omi orí yẹn ni agbára tó ń sọ ìyẹ̀fun di ṣúgà wà, iná á pa á. Bẹ́ẹ̀ ìyẹ̀fun ọkà bàbà kì í tú àfi kó gbóná ju ti ọkà bálì lọ. Iléeṣẹ́ ńlá máa ń ra irú agbára yẹn, tí wọ́n ń pè ní enzyme, láti yanjú ìyẹn. Igbá ni màmá àgbà fi yanjú tiwọn.

Tó bá dalẹ́, a ó sẹ́ ẹ, a ó sè é lẹ́ẹ̀kejì. Tó bá tutù, a ó bu gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ ọtí àtẹ̀yìnwá, tí ìwúkàrà wà nínú rẹ̀, sí i. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti ń hó.

Ẹ má sì fojú kéré ọkà bàbà. Ní 1988, nígbà tí ìjọba Babangida ka kíkó ọkà bálì wọ̀lú léèwọ̀, òun àti àgbàdo ni àwọn iléeṣẹ́ bíà sáré wá bá. Wọ́n gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí òfin náà nígbà tó yá, wọn ò sì pa ọkà bàbà tì. Ó wà nínú ọ̀pọ̀ bíà tí ẹ ń mu títí dòní.

Ìlú Onítẹ̀bọmi ni Ògbómọ̀ṣọ́, ẹnikẹ́ni ò ní gbé pátákó ọtí ọkà síta. Ẹ bá àwọn tó ń ta ọkà bàbà lọ́jà, ẹ béèrè ẹni tó ń ra èyí tí wọn ò fi oògùn kòkòrò sí, ní àpò-àpò. Apọntí nìyẹn. Lọ́jọ́ kìíní ọtí náà á dùn, lọ́jọ́ kejì á kan díẹ̀, ìyẹn ni èmi fẹ́ràn jù. Lọ́jọ́ kẹta, ẹ fi sílẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Ọ̀yọ́

Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, ẹ kú iṣẹ́. Àmọ́ ní 2015, ẹ̀mí ṣòfò ní ìpínlẹ̀ Oǹdó àti Rivers nítorí methanol, oríṣi ọtí olóró, tó wà nínú ọtí ìbílẹ̀. Ṣé kò yẹ kí á kìlọ̀ fún wọn?

Àbẹ̀kẹ́ Ọjà Jagun

Ó yẹ, ẹ ṣeun. Ògógóró ló fa ìyẹn, èyí tí wọ́n ń sè tí wọ́n ń gba oru rẹ̀. A kì í gba oru tiwa. Ohun tó yẹ kí ẹ máa ṣọ́ níbi tiwa ni omi, ìkòkò, àti ọkà tó bu. Bí ẹni tó ń tà á kò bá jẹ́ kí ẹ wo ibi tó ti ń pọn ọ́n, ẹ máa lọ.

Àjàgbé Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ ṣeun gan-an, àǹtí. Ọ̀la ni mò ń lọ sọ́jà. Ṣé mo lè rọ ọ́ sínú ìgò kí n fi ránṣẹ́ sí àna mi?

Àbẹ̀kẹ́ Ọjà Jagun

Ẹ má rọ ọ́ sínú ìgò o! Ó ṣì ń hó, bí ẹ bá dé e pa, á bú gbàmù. Kẹ́ẹ̀gì oníke ni kí ẹ lò, ẹ má rọ ọ́ kún, ẹ lu ìdérí rẹ̀ níhò, kí ẹ sì fi í sínú mọ́tò àkọ́kọ́ láàárọ̀.