Ọkọ̀ alumíníọ̀mù méjì, ewo ni kí n rà fún fàájì ní Ìwópìn?

Ọmọ Òde: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì kékeré ni mo ń wá, tí èmi, ìyàwó mi àti ọmọ méjì tó ti bàlágà á máa fi ṣeré lọ́jọ́ Àìkú. Tòkúnbọ̀ méjì ló wà nílẹ̀. Èkíní gùn ní ẹsẹ̀ 12, ó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ 4, abẹ́ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, rífẹ́ẹ̀tì, ìṣó tí wọ́n ń lù pa, ni wọ́n fi kàn án. Èkejì gùn ní 14, ó fẹ̀ ní 5, abẹ́ rẹ̀ rí bíi V, wẹ́dà ló jó o pọ̀. Owó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì. Mo ti ní ẹ́ńjìnnì họ́ọ̀sì 15.

Ará Ìwópìn: Ọ̀gá mi, ẹ kọ́kọ́ ka orí. Ẹ sọ gígùn di ìlọ́po fífẹ̀, ní ẹsẹ̀, kí ẹ pín in sí 15. Ti èkíní jẹ́ 48, ó lé díẹ̀ ní 3. Èèyàn mẹ́ta péré nìyẹn! Ti èkejì jẹ́ 70, ó gba mẹ́rin. Ọ̀sà wa ò jìn, ìdí nìyẹn tí ìgbì rẹ̀ fi máa ń kúrú, tó sì ń ga lójijì bí atẹ́gùn ọ̀sán bá dé. Abẹ́ pẹrẹsẹ á máa lu omi gbàà-gbàà, omi á sì máa ta sí yín lára.

Ìyá Mákùn: Mi ò gbà tán o. Tó bá jẹ́ ẹnu odò Ọ̀ṣun àti àárín ewé ni wọ́n fẹ́ máa rìn, pẹrẹsẹ ló dáa. Kì í rì jìn, kì í sì í fì bí èèyàn bá dìde ju ìwọ̀. Oní-V máa ń fì ṣáá tó bá dúró.

Ará Ìwópìn: Òótọ́ ni, Màmá, ṣùgbọ́n orí mẹ́ta náà ló ṣì gbà.

Wẹ́dà Ṣàgámù: Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, ẹ má tíì sanwó. Ibi tí ẹ́ńjìnnì ń há mọ́ lẹ́yìn, pílíwúùdù ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀, òun ló sì ń tètè jẹrà. Ẹ fi èèkù hámà kàn án káàkiri. Tó bá dún kó-kó, ó le. Tó bá dún bù-bù, omi ti jẹ ẹ́. Ẹ so ẹ́ńjìnnì mọ́ ọn, ẹ di ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń wọ omi mú, ẹ máa gbé e sókè sódò. Bí ẹ̀yìn ọkọ̀ bá ń mì, ẹ bá ẹsẹ̀ yín sọ̀rọ̀.

Onírífẹ́ẹ̀tì, ẹ gbé e lé igi lórí ilẹ̀, ẹ bu omi sí i tó íǹṣì 3. Kò gbọdọ̀ kún o, lítà kan kílò kan ni, ó lè tẹ abẹ́ rẹ̀. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tó bá ń sun. Rífẹ́ẹ̀tì tó tú, ẹ má jó o, iná á mú kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sán. Kí ẹnì kan fi irin wúwo ti orí rẹ̀ níta, kí ẹnì kejì fi hámà lù ú nínú.

Oníjíjó, ẹ wo igun ẹ̀yìn dáadáa bóyá ó ti sán. Wẹ́dà tó ń jó géètì ò lè tún un ṣe; gáàsì ágọ́ọ̀nù la fi ń jó alumíníọ̀mù. Ẹ má sì kun ún ní ọ̀dà tó ní bàbà nínú, bàbà á jẹ ẹ́ lu.

Mẹ́káníìkì Odò: Ẹ wọn ẹ̀yìn ọkọ̀ láti etí òkè dé ìsàlẹ̀. Íǹṣì 15 gba ẹ́ńjìnnì ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú, 20 gba ẹlẹ́sẹ̀ gígùn.

Ọmọ Òde: Ẹ ṣé gan-an. Èkejì jẹ́ 20, ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú sì ni tèmi. Ṣé kí wẹ́dà gé ẹ̀yìn rẹ̀ wálẹ̀?

Mẹ́káníìkì Odò: Áà, ẹ má dán an wò! Ẹ̀yin mẹ́rin nínú rẹ̀, omi á gba ẹ̀yìn wọlé. Ẹ má sì gbé ẹ́ńjìnnì kúkúrú kọ́ ọ bẹ́ẹ̀: fáànù ìdí rẹ̀ á máa fa afẹ́fẹ́, ẹ́ńjìnnì á máa ké, ọkọ̀ ò ní lọ. Ẹ fi tiyín pààrọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn, kí ẹ fowó lé e. Irin pẹlẹbẹ tó wà lókè fáànù, kó bá abẹ́ ọkọ̀ dọ́gba tàbí kó rẹlẹ̀ sí i ní íǹṣì kan. Bí ìwé ẹ́ńjìnnì bá ní epo 50 sí ọ́ìlì 1, mílílítà 400 ọ́ìlì ni fún lítà 20 epo. Ojúoró máa ń dí ihò tí ẹ́ńjìnnì fi ń fa omi tó ń mú un tutù. Bí omi tó ń tú lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì bá dá, ẹ pa á lójú ẹsẹ̀, ẹ yọ ewé náà.

Ìyá Mákùn: Jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, mẹ́rin ńkọ́? Láti èbúté ni kí ẹ ti wọ̀ ọ́ o, ẹ má fi ṣe tìmùtìmù ìjókòó.