"Ohun" ni, kì í ṣe "ohùn": lórí ìfohunpènìyàn

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀rẹ́, mo kí yín.

Ẹnìkan láàárín wa ní kí a pa ọ̀rọ̀ náà ìfohunpènìyàn tì, ìyẹn orúkọ ọnà èdè tí akéwì fi ń fún ohun tí kì í ṣe ènìyàn ní ìwà ènìyàn, pé kò nítumọ̀, kí a máa lo "ìfẹ̀mífóhun" dípò rẹ̀. Inú bí mi gan-an.

Ọ̀gá mi, ẹ̀yin fúnra yín lẹ fi àmì ohùn ìsàlẹ̀ sórí "ohun". Ọmọ kíláàsì mi kan kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ rí: ìfohùnpènìyàn. Mo ní kó túmọ̀ rẹ̀, ó ní, "Kí akéwì fi ohùn pe ẹni tó wà lókèèrè ni." Ọmọ náà kò jẹ̀bi, ohun tó kọ ló kà. Ẹ yọ àmì yẹn kúrò, ẹ ó rí "fi ohun pe ènìyàn", bí a ṣe ń sọ pé "ẹ má fi mí pe ọmọdé". Bàbá mi kì í lo ọ̀sẹ̀ kan kó má wí i.

Ẹ wá wo "ẹ̀mí" tí ẹ mú wá. Ṣé ajá kò lẹ́mìí ni? Síbẹ̀, kì í ṣe ènìyàn. Bí akéwì bá ní "òjò bínú, ó gbá ilẹ̀kùn létí", kì í ṣe ẹ̀mí ló fún òjò. Ìbínú ló fún un, ó tún fún un lọ́wọ́ tí yóò fi gbáni létí. Àwọn tó ń lo ìsohundènìyàn, n kò bá wọn jà, nítorí ènìyàn wà nínú tiwọn.

Òwe tí ẹ fi ṣe àpẹẹrẹ náà kò bọ́ sí i. "Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà": ṣé ènìyàn ní í kùtà? Ọjà títà la sọ òtítọ́ dà níbẹ̀. Àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ ni, níbi tí a ti ń pe nǹkan kan ní òmíràn láìlo "bí". Ká ní "bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a" lẹ mú wá ni, ǹ bá gbà, torí òtítọ́ ń lé irọ́ bí ẹni lé olè.

Ẹ tún ní àwọn àgbà wa kò ṣe èdè-ìperí, ìyẹn àkójọ ọ̀rọ̀ tí a fi ń pe nǹkan nínú ẹ̀kọ́. Láti 1984 ni ìwé èdè-ìperí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ti jáde. Ẹ kà á ná.

Ẹni tó béèrè ìdí tí kò fi jẹ́ "àfohunpènìyàn", nígbà tó jẹ́ pé àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ à- ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ àwọn ọnà èdè bí àfiwé, àsọrégèé (àsọdùn) àti àwítúnwí, ìbéèrè yín gbà mí lóorun. Mo fẹ́ sọ pé à- wà fún ohun tí a ṣe, ì- fún ṣíṣe rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni àwítúnwí, bí kò ṣe ṣíṣe? Ẹni tó bá rí i tú, kó bá mi tú u.